Ta Ni Yóò Jẹ́ Skelgarth Lẹ́yìn Mi?

Èmi, Clifford Skelgarth, olùsin àgùntàn ní oko Skelgarth, ní àárín àwọn òkè Yorkshire, ni mo ń fi ìwé yìí há ogún mi. Orí mi pé. Dókítà ti yẹ̀ mí wò, ó ní kò sí ohun tó ṣe ọpọlọ mi. Bí ẹ bá rí ibi tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo sì tún yí i padà, ẹ má rò pé mo ń ṣarán. Ọ̀rọ̀ náà gan-an ló ta kókó. Gbogbo ìwé ìhágún tí mo ti ṣe ṣáájú èyí, mo fagi lé wọn.

Ìkínní. Joan Threlfall, agbẹjọ́rò mi, àti Nora Airey, aládùúgbò mi, ni mo yàn ṣe alámòójútó ogún. Joan ti bẹ̀ mí pé kí n má kó ìtàn sínú ìwé òfin. Mo ní èmi ni mo fẹ́ kú, kì í ṣe òun, kó ṣáà máa kọ ọ́ lọ.

Ìkejì. Ajá mi, Moss, di ti Nora. Àwọn èèyàn kan náà ni àwọn méjèèjì kórìíra. Kó má ṣe máa fún un ní bisikíìtì o.

Ìkẹta. Òòlù tí mo fi ń mọ ògiri olókùúta, àlùmọ́gàjí tí mo fi ń rẹ́ irun àgùntàn, àti ọ̀pá mi, mo fi wọ́n fún Keith Bleasdale, ọkọ Hilary, ọmọ mi kan ṣoṣo.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé torí pé èmi àti Keith ti parí ìjà ni mo ṣe fún un. Àṣà kan wà ní oko yìí. Bí kò bá sí ọmọkùnrin, ọmọbìnrin ni yóò jogún, ọkọ rẹ̀ yóò sì bọ́ orúkọ tirẹ̀ sílẹ̀, yóò di Skelgarth. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe. Sagar ni wọ́n bí mi, ọmọ òṣìṣẹ́ ilé ìhunṣọ ní Burnley. Bàbá Enid, ìyàwó mi, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, “Ọmọkùnrin yìí, ṣé Enid lo fẹ́ ni, àbí orúkọ Sagar? O ò lè kó méjèèjì wọlé níbí.” Mo ní Enid ni mo fẹ́. Mo lọ sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò, mo yí orúkọ padà. Màmá mi sunkún bí ẹni pé wọ́n gbé òkú mi wálé.

Nígbà tó kan Keith, mo sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún un. Ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú o. Mo máa bá yín kó ìgbẹ́ àgùntàn, mo máa bá yín ru òkúta, ṣùgbọ́n Bleasdale ni wọ́n bí mi, Bleasdale ni màá kú. Àbí èmi ni ìyàwó ni?” Mo ní kó jáde nílé mi. Ó jáde lóòótọ́, àmọ́ ó kọ́kọ́ mu tíì rẹ̀ tán. Láti ìgbà náà, a kì í kí ara wa.

Ìkẹrin. Ilé, ilẹ̀ àti agbo àgùntàn, mo fi wọ́n fún Hilary, bí Keith bá gba orúkọ Skelgarth kí ọdún kan tó pé lẹ́yìn tí wọ́n bá sin mí. Bí ó bá kọ̀, kí gbogbo rẹ̀ di ti Darrell Skelgarth, ará Tasmania ní Australia, tó ń jẹ́ orúkọ wa. Kí wọ́n má ya agbo kúrò lára ilẹ̀. Kò sí ògiri lórí òkè tí wọ́n ti ń jẹko. Ìyá àgùntàn ló ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ibi tí ilẹ̀ tiwa parí sí.

Inú oṣù kẹsàn-án ni mo sọ ẹsẹ yìí fún Joan. Ẹ má tíì bú mi, ẹ ka ìyókù.

Darrell dé ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu géètì, ó fi ẹnu ko òkúta. Ìgbẹ́ àgùntàn wà lára òkúta náà, n kò ní ọkàn láti sọ fún un. Ó lọ sí itẹ́ ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń ka Skelgarth, Skelgarth, lára àwọn òkúta, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n Clifford, ẹ̀jẹ̀ wa nìyí o!” Ó ní Skelgarth kún Hobart, ìlú tiwọn: oníṣègùn eyín kan wà, ẹlẹ́ja kan wà, ọ̀kan tilẹ̀ ń kọ́ àwọn èèyàn ní ijó. Inú mi dùn gan-an. Mo ní ẹni tó fẹ́ràn orúkọ yìí dé wàyí.

Darrell yìí kan náà ló mú àwọn ìgò kékeré wá, pé ká tutọ́ sí wọn, ká fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò, wọn yóò sọ ẹni tó bá wa tan. Darrell tutọ́, Hilary tutọ́. Keith, tó wá mú ìyàwó rẹ̀ lọ sílé, ní, “Ẹ gbé ọ̀kan wá, ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ tutọ́ sí orúkọ yìí.” Òun náà tutọ́.

Nígbà tí èsì dé, Hilary àti Darrell kò bára tan rárá. Darrell àti Keith ló bára tan. Mo fi bọ́tà sínú tíì mi, mo sì mu ún.

Nora rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní, “Clifford, ìwọ náà ò ṣe béèrè? Bleasdale kan ti fẹ́ ọmọ ilé yìí rí, láyé ìyá àwọn ìyá wa. Ó gba orúkọ. Ìyàwó kú láìbímọ. Ó bá fẹ́ ẹlòmíràn, ó bí ọmọ rẹpẹtẹ, gbogbo wọn ń jẹ́ Skelgarth, oko sì padà sọ́wọ́ àbúrò olóògbé. Níbo lo rò pé àwọn ọmọ yẹn gbà? Àwọn kan wọ ilé ìhunṣọ, àwọn kan wọkọ̀ ojú omi lọ sí Tasmania.” Ó tún ní, “Bàbá Enid tó ń halẹ̀ mọ́ ẹ yẹn ńkọ́? Horner ni wọ́n bí i, jàre.”

Ẹ gbà mí! Bí mo bá di orúkọ mú, Bleasdale ni mo gbé oko fún, Bleasdale tó ti Tasmania wá, mo sì lé Bleasdale tó ń ru òkúta lọ. Ilẹ̀ yìí ló ń sọ olúkúlùkù wa ní Skelgarth, ẹni tó bá ṣáà ti lè dúró sórí rẹ̀. Ta wá ni Skelgarth gan-an? Mo ti rò ó títí, orí ń fọ́ mi.

Ìkarùn-ún. Darrell ni kí wọ́n fún ní òkúta ẹnu géètì. Inú rere ló fi wá. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Ìkẹfà. N kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí, Hilary pàápàá kò mọ̀. Ní ìgbà òtútù tí Enid lò kẹ́yìn, iyè rẹ̀ ti lọ. Ó wò mí lójú, ó ní, “Ọ̀gbẹ́ni Skelgarth, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe ọmọkùnrin Sagar yẹn wá. Bàbá mi ò ní gbà, ṣùgbọ́n òun ni mo fẹ́. Ẹ sọ fún un pé mo ń retí ẹ̀.” Mo ní, “Enid, èmi rèé.” Ó ní, “Rárá o, ẹ̀yin kọ́.” Títí ó fi kú, ojú fèrèsé ló ń wò. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí. Èmi ló ń wá, mo wà níwájú rẹ̀, ó sì kú láìrí mi.

Nítorí náà, mo fagi lé àdéhùn inú ẹsẹ kẹrin. Hilary ló ni oko, ilé àti agbo. Kí Keith máa jẹ́ Bleasdale rẹ̀ lọ. Hilary, o ò ní wá ọkọ rẹ tì lọ́jọ́ tí iyè rẹ bá lọ.

Ìkeje. Ẹ sin mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ Enid. Joan ní Skelgarth ni òfin mọ̀ mí sí, Skelgarth ni mo sì fọwọ́ sí nísàlẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n lára òkúta ibojì mi, Clifford Sagar ni kí ẹ kọ, kí Enid lè mọ̀ pé mo ti dé.

Mo fọwọ́ ara mi sí i, ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kọkànlá, ọdún 2019:
Clifford Skelgarth

Ojú wa ló ṣe é, a kò sì ní ìpín kankan nínú ogún náà:
Percy Dinsdale, afìwéránṣẹ́
Sheila Capstick, nọ́ọ̀sì