Àwo Fàdákà tí Sàfúrátù Gbà Pamọ́

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Sàfúrátù ìyàwó mi kú lọ́jọ́ Àlàmísì, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí a gba ààwẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á. Ẹnu ni mo fi ń sọ èyí, Ráṣídà àkọ́bí wa ló ń kọ ọ́. Kì í ṣe ẹkún ni mo fẹ́ sun fún yín. Mo ti sun ún tán. Inú ló ń bí mi, Ìyá, n kò sì rí alààyè kan tí yóò gbọ́ ọ dópin.

Ẹ rántí pé wàrà ni Sàfúrátù ń tà. Lẹ́yìn tí ẹ fi wá sílẹ̀ lọ sọ́run, ó ń gbé e dé pápá tẹníìsì tó wà ní G.R.A. Ibẹ̀ ló ti pàdé òyìnbó obìnrin kan, ará Hòláǹdì, Màríkè lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀rọ omi ló gbé ọkọ rẹ̀ wá sí Ìlọrin, òun sì ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní tẹníìsì. Ráṣídà wà lára wọn. Ilé ọlọ́sìn màlúù ni wọ́n bí òyìnbó yìí sí. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ fi wàrà kan ẹnu, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá, ó ní bàbá òun náà ń ṣe irú rẹ̀, àmọ́ tiwọn le bí òkúta. Ráṣídà ló kọ́kọ́ ń túmọ̀ fún wọn. Nígbà tó yá, wọn ò wá ògbufọ̀ mọ́.

Tẹníìsì ni obìnrin yìí fi jẹun láti ìgbà ọmọge títí ó fi lé lọ́gbọ̀n ọdún. Ẹ má bi mí pé irú iṣẹ́ wo nìyẹn. Èmi náà bèèrè. Ó ń gbé àpò rẹ̀ fúnra rẹ̀ láti ìlú dé ìlú, ó ń sùn nínú ọkọ̀ ojú irin, ó ń fọwọ́ fọ aṣọ eré rẹ̀ nílé àlejò. Níbi púpọ̀, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń nà án nínú eré, yóò tún di ẹrù rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló dé àṣekágbá. Òjò ti rọ̀ nílùú ọ̀hún, ilẹ̀ pupa tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lé ti wúwo, bọ́ọ̀lù ò ta mọ́. Àwọn tó lágbára jù ú lọ ń bínú sí ilẹ̀, òun ń fi sùúrù gbá a padà. Ó na ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Lọ́jọ́ ìkẹyìn wọ́n na òun náà, wọ́n fún un ní àwo fàdákà tí í ṣe ti ẹnìkejì, wọ́n fín orúkọ rẹ̀ sí i. Kò pẹ́ sígbà náà ni èjìká rẹ̀ bàjẹ́. Àwo yẹn ló ṣẹ́kù lára gbogbo làálàá rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, olè fọ́ ilé wọn. Nígbà tí Màríkè àti ọkọ rẹ̀ fẹ́ lọ sí Hòláǹdì lọ tọ́jú bàbá Màríkè tó ń ṣàìsàn, obìnrin náà fi tówẹ́ẹ̀lì wé àwo náà, ó gbé e wá sí ìyẹ̀wù wa. Yorùbá ló fi sọ ọ́: "Ìyá Ráṣídà, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀ títí n óò fi dé." Sàfúrátù tì í sábẹ́ àwọn gèlè rẹ̀ nínú àpótí. Ó ní, "Àmánà ni o, ohun tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ wa. Kó má jáde lẹ́nu yín." Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ẹrù àwọn aládùúgbò ń bẹ nínú yàrá yín, ẹ kì í ṣí ìdérí rẹ̀ wò. Adìẹ tí wọ́n bá ní kí ẹ bá àwọn sìn, ẹ̀yin kì í mu omi kó tó mu. Ṣé ẹ rí i pé ó kọ́ ọ dáadáa?

Lọ́jọ́ kẹjọ, lẹ́yìn àdúrà fídáù, wọ́n ṣí àpótí láti pín ogún. A ò bí ọmọkùnrin, nítorí náà Àlàó ẹ̀gbọ́n Sàfúrátù ní ìpín. Àwo náà ló nawọ́ sí.

Mo ní, "Ẹ dúró ná. Àmánà nìyẹn, ti òyìnbó ni."

Àlàó rẹ́rìn-ín. "Bàbá Ráṣídà, òyìnbó wo ló ń kó fàdákà sílẹ̀ fún oníwàrà?"

Ráṣídà ka orúkọ tí wọ́n fín sí i fún wọn. Àlàó yí àwo náà padà bí ẹni ń wá ibi tó ń jò. "Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é nìyẹn, ọmọ mi. Ṣebí ó wà nídìí gbogbo abọ́ tí wọ́n ń tà l'Ọ́jà-Ọba." Wọ́n rẹ́rìn-ín, Ìyá, níbi tí ẹní Sàfúrátù ṣì wà nílẹ̀.

Àáfà tó ń pín ogún bi Ráṣídà bóyá orúkọ tí òyìnbó náà ń jẹ́ nílùú yìí nìyẹn. Ó ní rárá, orúkọ ilé bàbá rẹ̀ ni, ti ọkọ ló ń jẹ́ báyìí. Àáfà ní ó parí, orúkọ ò bára mu. Ó ní ọkọ àtọmọ ò lè jẹ́rìí, torí ajogún ni wá. Kí ni mo fẹ́ jẹ níbẹ̀? Tí àwo bá kúrò nínú ogún, ṣé ìpín tèmi náà ò ní dín ni? Mo bi í bẹ́ẹ̀. Ó ń ja tẹ̀sùbáà rẹ̀.

Mo tún lọ bá Àlàó nílé. Ẹ gbọ́ èsì rẹ̀: "Ṣebí ẹnìkejì náà ni. Ká ní ó mọ̀ ọ́n gbá ni, wọn ì bá fún un ní ife ẹ̀yẹ." Àlàó ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò dúró ti iṣẹ́ kankan rí! Èmi ti hun òfì láti kékeré, kò sí ọba tó wọ̀ ọ́ rí. Ṣé n kò hunṣọ ni?

Àlàó ti gbé àwo náà fún alágbẹ̀dẹ fàdákà l'Ọ́jà-Ọba, kó yọ́ ọ fi rọ ẹ̀gbà ọwọ́ fún ọmọ òun tó ń lọ ilé ọkọ. Ọ̀sẹ̀ yìí ni iná máa kàn án. Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, Màríkè máa dé. Kò mọ̀ pé Sàfúrátù ti kú. Ojú wo ni n óò fi wò ó? Òkú ni wọn yóò sọ pé ó jẹ àmánà, òkú kò sì lè dáhùn. Ìyá, ṣé ẹ ti bá Sàfúrátù pàdé níbẹ̀? Ṣé ọkàn rẹ̀ balẹ̀, àbí ó ti mọ̀?

Mo ti pariwo títí ohùn mi há. Tí mo bá tún lọ, ọ̀pá mi ni yóò sọ̀rọ̀. Ráṣídà ni mo fa ọ̀rọ̀ náà lé lọ́wọ́. Wọ́n ní obìnrin kì í dá sí ọ̀rọ̀ ogún. Ó dáa, èyí kì í ṣe ogún. Kó má dé ilé Àlàó rárá. Ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ni kó lọ, kó sọ fún un lójú àwọn oníbàárà rẹ̀ pé àmánà ló fẹ́ yọ́, kó sì jókòó ti ẹwìrì rẹ̀ kó má lè fẹ́ná. Bó bá fẹ́, kó bẹ̀bẹ̀. Bó bá fẹ́, kó pariwo. N kò ní bi í bó ṣe ṣe é. Àwo náà ni kó gbé bọ̀.

Ó ti dáwọ́ dúró, ó ń wo ojú mi. Máa kọ ọ́, Ráṣídà. Tó o bá parí, dìde, ọjà ò tíì tú.

Èmi ọmọ yín, tí ẹ pọ̀n títí ó fi wúwo lẹ́yìn yín, tí àárò yín ṣì ń sọ.