Màámi, Èmi Ni Mo Pe Bùọ̀dá Gbádé Wá sí Kóòtù

Ẹ kú ilé o, Màámi. Mo kúnlẹ̀ níbí, ní Gorton ní Manchester, lórí kápẹ́ẹ̀tì tí ọmọ yín fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́, mo kí yín. Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́? Ṣé Bàbá ń jẹun? Mo kí Àǹtí Rónkẹ́, mo kí àwọn ìyàwó ilé àti gbogbo ọmọ wẹ́wẹ́. Ìretí ní kí n kí ìyá àgbà òun. Eyín iwájú rẹ̀ méjì ti ká. Tó bá ń sọ̀rọ̀, afẹ́fẹ́ ló ń gba ibẹ̀ jáde.

Mo gbọ́ iṣẹ́ tí ẹ rán Àǹtí Rónkẹ́ sí mi, pé kí n dárí ji Bùọ̀dá Gbádé, pé òun nìkan ló kù fún yín lọ́kùnrin. Wọ́n ní ẹ sunkún. Ẹkún yín dùn mí, Màámi. Ṣùgbọ́n gbangba ló ti bà mí lórúkọ jẹ́ láàárín àwọn ọmọ Ìsẹ́yìn tó wà ní Manchester, gbangba náà ni mo ti ń fún yín lésì, kí gbogbo wọn lè kà á.

Ẹ mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àìsàn Bàbá Ìretí le, tí wọ́n gbà á sí ọsibítù lójú ọ̀nà Oxford Road, ẹ̀yin lẹ ní kí ẹnikẹ́ni má gbọ́, pé a kì í fi àìsàn han ayé. Mo gbà, torí bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn. Ẹni tó bá béèrè rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní ó ti lọ ṣiṣẹ́ ní London. Ọ̀gá mi ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó béèrè ìdí tí mo fi ń sáré kúrò níbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Mo ní ọkọ mi wà ní London, kò sí ẹni tó máa mú ọmọ nílé ìwé. Ó kọ ọ́ sínú ìwé. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọsibítù, tí mo ń wẹ̀ ẹ́, tí mo ń fi ṣíbí bu ògì sí i lẹ́nu, tí mo sì ń rẹ́rìn-ín fún àwọn tó ń ní kí n bá àwọn kí i ní London.

Kó tó kú, ó ní kí n sin òun síbi tí ọmọ òun á ti lè máa wá wo òun. Mo sin ín síbí. Bùọ̀dá Gbádé ní dandan, a máa gbé òkú wálé. Lójú ibojì gan-an ló ti na ìka sí mi, ó ní ìlú tí mo sin àbúrò òun sí, òun á rí i pé n kò gbé e. Mo rò pé ọ̀fọ̀ ló ń ṣe é.

Kì í ṣe ọ̀fọ̀. Òfin ibí gba opó tó ń fi ìwé ọkọ rẹ̀ gbé ìlú láàyè láti bẹ̀bẹ̀ fún ìwé ìgbélùú tirẹ̀, bí òun àti ọkọ rẹ̀ bá ṣì jọ jẹ́ tọkọtaya títí ikú fi dé. Mo kọ̀wé, ìjọba kọ̀ fún mi. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n olóògbé ti kọ lẹ́tà sí àwọn pé àárín wa ti dàrú, pé ọkọ mi ti kó kúrò nílé. Wọ́n ní ìwé ọ̀gá mi sọ ohun kan náà, láti ẹnu èmi fúnra mi. Orúkọ Bùọ̀dá Gbádé ni wọ́n sì bá lọ́sibítù gẹ́gẹ́ bí ẹbí tó sún mọ́ ọn jù, torí ọkọ mi ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí n tó dé ìlú yìí. Irọ́ tí gbogbo wa jọ pa láti fi bo àìsàn, òun ni Bùọ̀dá Gbádé ṣà bí òkúta, tó fi sọ mí.

Mo pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn àjèjì. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pè wọ́n lórí fóònù, orin ni wọ́n fi dá mi dúró títí tíì mi fi tutù. Ọkùnrin tó gbé e ní kí n ka nọ́ńbà ẹjọ́ mi. Mo kà á láìwo ìwé, bí ẹsẹ̀ Bíbélì. Ó ní òun kò lè gbà mí nímọ̀ràn, ṣùgbọ́n àwọn ìwé mi ti dé, ògbufọ̀ Yorùbá á sì wà níbẹ̀.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, mo lọ wo ibẹ̀ kí n má bàa ṣìnà lọ́jọ́ ẹjọ́. Òjò lù mí láti ibùdókọ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tú báàgì mi, ó rí ìbọ̀sẹ̀ Ìretí ẹyọ kan, ó ní kí ni ẹyọ kan yìí ṣẹ̀ tí mo fi mú òun nìkan wá sí kóòtù. Mo rẹ́rìn-ín, Màámi, ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà. Obìnrin tó wà lórí tábìlì ní kí n tètè dé, pé àwọn kì í gba ìwé lọ́wọ́ níbẹ̀, lọ́yà mi ni kó fi í ránṣẹ́. Mo béèrè bóyá ẹbí lè wá. Ó ní ẹnikẹ́ni ló lè wá jókòó sẹ́yìn gbọ́ ẹjọ́, kó ṣáà ti dákẹ́.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti dé sí mi. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti kọ̀wé sí Bùọ̀dá Gbádé, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé kí wọ́n jọ̀ọ́ wá gbọ́ bí ìjọba ṣe máa lé mi. Ó dáhùn pé òun ń bọ̀, òun á mú pásítọ̀ àti akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ Ìsẹ́yìn dání, kí n ti máa di ẹrù mi.

Kò rántí pé ohùn tí òun fi ránṣẹ́ sí mi nígbà àìsàn ṣì wà lórí fóònù mi. Lọ́yà mi ti gbé e fún atúmọ̀ èdè, ó ti wà nínú ìwé ẹjọ́.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, ó wọ súùtù aláwọ̀ búlúù wá, ó jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀. Agbẹjọ́rò ìjọba bi mí ìdí tí mo fi sọ pé London ni ọkọ mi wà tó bá jẹ́ pé ọsibítù ló wà. Mo ní nílé wa, a kì í kéde aláìsàn. Ó ní ta ló ní kí n sọ bẹ́ẹ̀, kí n dárúkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yín, n kò pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lórúkọ lásán rí. Mo ní: Gbádébọ̀.

Adájọ́ ní kí ògbufọ̀ gbọ́ ohùn náà, kó sọ bóyá ìtumọ̀ rẹ̀ péye. Gbogbo yàrá ló gbọ́ ọ. Nínú rẹ̀, Bùọ̀dá Gbádé ní kí n máa sọ fún gbogbo èèyàn pé London ni àbúrò òun wà, pé bí Màámi ṣe wí nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló wá ń dúpẹ́. Ó ní bí mo ṣe ń wẹ àbúrò òun bí ọmọ ọwọ́, tí mo ń sùn lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun rí i, Ọlọ́run náà rí i. Ògbufọ̀ mu omi kó tó lè sọ pé ó péye. Akọ̀wé ẹgbẹ́ rọra fa àga rẹ̀ sápá kan. Pásítọ̀ kò gbé orí sókè mọ́. Mo yíjú wo Bùọ̀dá Gbádé, mo wò ó dáadáa. Lọ́yà fọwọ́ kàn mí pé kí n wo iwájú. N kò wo iwájú.

Màámi, mo bẹ lọ́yà pé kó gé ibi tí orúkọ yín wà, ó ní wọn kì í gé e. Fún ìyẹn, ẹ dárí jì mí. Ìyẹn nìkan. Kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ ti sọ fún mi pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́. Òótọ́ ni. N kò wá ọ̀rẹ́ lọ.

Ìdájọ́ dé, wọ́n ní mo jàre, mo lè máa gbé ìlú tí ọkọ mi sùn sí. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Bùọ̀dá Gbádé wá, ó dọ̀bálẹ̀ sójú ọ̀nà nínú òjò. Ìyá òyìnbó tó múlé tì mí rò pé ó dákú ni, ó fẹ́ pe ọkọ̀ ọsibítù. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé nǹkan ló ń wá nílẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn, mo lọ aṣọ iṣẹ́ mi tán. Ó dùn mọ́ mi; n kò ní purọ́ fún yín mọ́. Ẹ̀gbẹ́ kejì bẹ́ẹ̀dì mi ṣì tutù, síbẹ̀ ó dùn mọ́ mi.

Nítorí náà, èsì mi ni pé n kò dárí jì í. Bí ìsinmi bá dé, màá mú Ìretí wá kí yín. Bó bá wà nílé lọ́jọ́ náà, ẹnu géètì la ó ti padà.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń padà sílé ló ń mú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín bọ̀. Ẹ má jẹ́ kó tán kí ẹ tó sọ fún mi. Ọlọ́run á dá yín sí, ojú yín kò ní rí irú èyí mọ́, ẹ ó sì fi ọwọ́ ara yín di irun Ìretí. Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ bá mi kí Àǹtí Rónkẹ́ àti àwọn ọmọ wọn, ẹ kí gbogbo agboolé látọ̀dọ̀ mi, títí kan àwọn ayálégbé. Ẹni tí n kò bá kí, ẹ má bá mi kí i.

Èmi ni ọmọ yín,
Mojísọ́lá, ìyá Ìretí