Ohun Tí Igbó Gbà Lọ́wọ́ Sherifa

                                        Ojúlé Kọkànlá,
                                        Darkuman,
                                        Accra, Ghana.
                                        8 Ọ̀wàrà, 2024.

Àkànkẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ogbómọ̀ṣọ́ ńkọ́? Ṣé àlàáfíà ni bàálé rẹ àtàwọn ọmọ wà? Ẹsẹ̀ tó ń dun màmá ńkọ́, ṣé ó ti fúyẹ́? Láti ìgbà tí o ti kó kúrò níbí, n ò rẹ́ni bá sọ Yorùbá tẹ́rùn mọ́.

Ọ̀rọ̀ Sherifa àbúrò mi ló mú mi kọ̀wé. N ò lè sọ ọ́ lórí fóònù, torí yàrá kan náà la jọ ń gbé. Nígbà tí ìyá wa kú, òun àti Fatawu tó tẹ̀ lé mi bẹ̀rẹ̀ sí í fa igbó, èyí tí wọ́n ń pè ní wíì níbí. Wọ́n ní àwọn fi ń pàrònú rẹ́ ni. Àwọn méjèèjì ti jáwọ́. Fatawu ti padà sẹ́nu iṣẹ́ káfíńtà rẹ̀, orí rẹ̀ pé. Sherifa ló ń gbàgbé nǹkan. Ṣé o rántí pé ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé-kéú Sabon Zongo? Lóṣù tó kọjá, ó ń ké súrà tó mọ̀ bí ẹni mowó, ló bá dákẹ́ láàárín. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ bojú, kò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Fatawu ní ó ń díbọ́n ni. "Èmi tí mo fà á jù ú lọ, kí ló ṣe mí?"

Mo mú Sherifa lọ sí ọsibítù. Dókítà obìnrin kan fi Twi ṣàlàyé fún mi pé ohun tí igbó ń ṣe fún ọpọlọ obìnrin lè yàtọ̀ sí tọkùnrin, pé àwọn gan-an ò tíì mọ gbogbo ìdí rẹ̀, kí n má fi wé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí n ní sùúrù. Ìka ò sáà dọ́gba. Mo sọ ọ́ fún Fatawu, ó pòṣé. Àtìgbà náà, kò yà wá wò mọ́.

Nírọ̀lẹ́ Jímọ̀, a ń jẹ kenkey, mo ń sọ bí Ìyá ṣe ṣìnà ní Cow Lane nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Accra. Sherifa ń rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn, mo ní, "Ta ló wá mú Ìyá délé?"

Ó ní, "Àǹtí, n ò mọ ohun tẹ́ ẹ sọ. Ohùn yín tó jọ ti Ìyá ni mo ń gbọ́ tí mo fi ń rẹ́rìn-ín."

Mo tún ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ fún un.

Bá mi kí màmá, kí o sì gbé àwọn ọmọ mọ́ra fún mi.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí àárò rẹ ń sọ,
Làtífátù