Ta Ló Ni Onímẹ́rin?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún

Ìrọ̀lẹ́ aláyọ̀. Èmi àti Ẹnikejì jẹ Gallo àti àbúrò rẹ̀ láyò ní kílọ́ọ̀bù. (Ẹnikejì — Baldomero Iturbe, akọ̀wé kọ́sítọ́ọ̀mù, ẹni tí a jọ ń ta ayò káàdì tí wọ́n ń pè ní trúkò láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú. Orúkọ rẹ̀ gùn jù fún ìwé yìí.) Káàdì Idà, baba gbogbo káàdì, bọ́ sí mi lọ́wọ́. Gbogbo ìlú Concordia ló mọ àmì rẹ̀: ẹni tó bá ní in á gbé ìpéǹpéjú sókè sí ẹnikejì rẹ̀, kí ọ̀tá má rí i. Tiwa yàtọ̀. Èmi á yí òrùka ìgbéyàwó mi. Òun tí kò gbéyàwó rí á họ ìka tí òrùka ì bá wà. Gallo tẹjú mọ́ ìpéǹpéjú wa títí omi fi ń dà lójú rẹ̀.

Bí a ṣe ń lọ sílé mo sọ ibi tí mo bá Onímẹ́rin, olè inú ìwé ìtàn tí mò ń kọ, dé fún un. Bó ṣe gbọ́ pé inú fìlà bíṣọ́ọ̀bù ni olè mi fi káàdì rẹ̀ sí, ó di òpó iná mú, ẹ̀rín fẹ́ pa á. Olè mi ọ̀wọ́n! Tó bá jí góòlù wọn tán, á fi káàdì Mẹ́rin oníife sílẹ̀, á ti fi eyín gé igun rẹ̀ jẹ. Kò sí ohun tí mẹ́rin lè pa nínú trúkò. Ohun tí olè mi ń wí fún wọn nìyẹn: èyí tí ẹ fojú di ni mo fi nà yín.

Àwọn tó ń ra ìwé náà gbà pé òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Dunstan Harrow ló ń kọ ọ́. Bí àwọn sísítà tó ni ilé ẹ̀kọ́ wa bá gbọ́ pé tíṣà gírámà wọn ni, kí agogo tó lù ni wọn ó ti lé mi. Ẹnikejì nìkan ló mọ̀. Òun ló ń bá mi gba lẹ́tà ọ̀gá atẹ̀wé ní pósí ọ́fíìsì, nítorí àbúrò Ìyá Àgbà àwọn sísítà ló ń jókòó sídìí fèrèsé ibẹ̀. Obìnrin yẹn lè gbọ́ òórùn àṣírí látinú àpò ìwé tí wọ́n ti lẹ̀ pa.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Òjò. Ìdánwò gírámà. Kò sí nǹkan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Orí mi ń gbóná. Mo ń kọjá ní gbàgede, Anselmo tó ń ta ìwé ìròyìn ké sí mi: “Tíṣà! Tíṣà! Onímẹ́rin tuntun ti dé o. Ẹ má sọ pé èmi ni mo wí, ó dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ!”

Tuntun ti bí? Tuntun wà nínú dúróà mi nílé, kò tíì parí. Mo gbé e wò. Mẹ́rin oníife wà ní iwájú ìwé, igun rẹ̀ ti di jíjẹ. Lábẹ́ rẹ̀: Clive Renner. Renner ta ni? Ta ló bí i? Mo rà á.

Mo gba ilé Ẹnikejì lọ tààrà. Ó bú wọn jù mí lọ. “Àwọn atẹ̀wé Buenos Aires wọ̀nyẹn! Olè, ọmọ olè! Leo, má dá wọn lóhùn o. Fi wọ́n sílẹ̀ fún mi, èmi ni n ó kọ lẹ́tà sí wọn, wọn ó jẹ iyán wọn níṣu.” Ó po tíì máté fún mi, ó fi ṣúgà sí i, ohun tí kì í ṣe. Ara mi wá balẹ̀. Ó dáa kéèyàn ní ẹnikejì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

N kò tíì kà á. Ìdojúbolẹ̀ ni mo fi í sí lórí tábìlì.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, mo kà á. Ó dùn. Ọlọ́run dárí jì mí, ó dùn. Onímẹ́rin tirẹ̀ kì í ṣàlàyé, á kàn jalè, á sì rẹ́rìn-ín. Mo ti ń sọ nínú ara mi pé bóyá n ó tilẹ̀ kọ̀wé kí ọkùnrin yìí —

Mo wá dé ibi tí Onímẹ́rin ti ń bá adájọ́ ta trúkò. Káàdì Idà wà lọ́wọ́ olè. Báwo ló ṣe fi han ẹnikejì rẹ̀? Kò gbé ìpéǹpéjú. Ó “họ ìka tí kò fi òrùka sí rí.”

Mo kà á sókè. Mo tún un kà.

Yàtọ̀ sí Ẹnikejì, kò sí ẹni tó ń họ ìka láyé yìí fún káàdì Idà. Kò tilẹ̀ ronú sí i nígbà tó ń kọ ọ́. Ó ti mọ́ ọn lára débi pé ó rò pé bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ó pa orúkọ dà, ó pa ìlú dà, ó gbàgbé ìka ara rẹ̀.

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Mo gbé máté rẹ̀ mu. Pẹ̀lú ṣúgà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ ogún

Mo lọ ta káàdì. Èmi náà ò mọ ohun tó gbé mi lọ. Ní ayò kẹta, Ẹnikejì họ ìka. Mo da káàdì mi délẹ̀, mo ní ó rẹ̀ mí. Gallo ń fò fáyọ̀.

Ẹnikejì bá mi lórí àtẹ̀gùn. “Leo, ṣé ojú ń dùn ọ́ ni? Mo họ ìka títí ó fẹ́ẹ̀ bó!”

Mo ní mo rí i. Mo ní mo tún rí i nínú ìwé Renner.

Mo rò pé yóò sẹ́. Mo ti ń bẹ Ọlọ́run kó sẹ́, kí n lè gbà á gbọ́. Ohun tó sọ ni pé: “Ṣé o gbádùn rẹ̀?”

Mo bú u. N kò ní í kọ ohun tí mo sọ síbí. Ó jẹ́ kí n bú tán. Ó wá ní, “Gbọ́ ná. Ìwọ ló ni mẹ́rin tó wà nínú káàdì ni? Àbí ìwọ ló kọ́kọ́ dá olè sílẹ̀ láyé? Láti ọdún wo ni mo ti ń fetí gbọ́ tìrẹ, tí mò ń sọ pé ‘Leo, ẹnu fèrèsé ni kó gbà,’ tí o sì ń kọ ọ́? Ojoojúmọ́ ni mò ń lu òǹtẹ̀ mọ́ àpótí ọsàn ní kọ́sítọ́ọ̀mù. Orúkọ mi ò sí lára nǹkan kan.”

Mo ní tèmi náà ò sí.

“Ṣé o rí i?” ló wí, bí ẹni pé mo ti gbè é.

Òótọ́ ni pé òun ló sọ ti fèrèsé. Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Ká ní ó béèrè, mo lè fún un ní ìdajì. Mo fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kò béèrè.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà

Èmi fúnra mi lọ gba èsì ọ̀gá atẹ̀wé sí lẹ́tà tí mo kọ sí i. Mo sọ fún àbúrò Ìyá Àgbà pé ìbátan mi ni Harrow. Ó ní, “Áà, Tíṣà, ẹ ò jọ òyìnbó rárá.”

Ọ̀gá ní Renner sọ fún àwọn pé ọ̀rẹ́ Harrow lòun, pé ó ti sú Harrow, pé ó ti yọ̀ǹda olè náà fún òun. Ó ní àwọn òǹkàwé kì í béèrè ẹni tó kọ ọ́, káàdì ni wọ́n ń wá. Bí wọ́n bá ti rí mẹ́rin tí a gé jẹ, wọ́n á sanwó. Ó tún fi kún un — kò sì pọn dandan kó fi kún un — pé ti Renner ń tà jù. Ṣùgbọ́n bí Harrow bá fẹ́, kó wá kọ ìwé ìkẹyìn, níbi tí ọwọ́ ti tẹ olè.

Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà.

Ọwọ́ ó tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹfà

Mo parí rẹ̀. Ọlọ́pàá ká Onímẹ́rin mọ́, wọ́n ní kó sọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Olè dìde, ó gbọn kóòtù rẹ̀, ó ní: “Baldomero Iturbe, akọ̀wé kọ́sítọ́ọ̀mù, Concordia.”

Mo rẹ́rìn-ín níbi tí mo jókòó sí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á ní kílọ́ọ̀bù. Kí Gallo kà á. Ó fẹ́ kí orúkọ òun wà lára nǹkan, ó wà báyìí. Mo fọwọ́ ara mi fi í ránṣẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹta oṣù keje

Ìwé ti dé sọ́dọ̀ Anselmo. Mo ti ilẹ̀kùn mi. N kò fẹ́ rí ojú Ẹnikejì lónìí. Ọ̀la ni n ó rí i.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrin

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, kí n tó máa rò pé àlá ni.

A jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, èrò ti pọ̀ nídìí ìsọ̀ Anselmo. Mo rò pé wọ́n ń fi Ẹnikejì ṣẹ̀sín ni, mo yára rìn, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Wọ́n tò sórí ìlà. Ẹnikejì jókòó sórí àga Anselmo, ó wọ kóòtù dúdú rẹ̀, gíláàsì ọtí fẹ́múùtù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń fọwọ́ sí ìwé.

Gallo kígbe sí mi: “Tíṣà! Ẹ wá wo ẹnikejì yín! Gbogbo bó ṣe ń jókòó tì wá yìí, òun ni Dunstan Harrow! Ó fi orúkọ ara rẹ̀ parí ìwé kí a lè mọ̀ ọ́n. Ẹ ò rí ọgbọ́n!”

Ọ̀rọ̀ yẹn wá yé mi. Ta tún ni wọn ì bá rò? Ta ló ń fi orúkọ akọ̀wé kọ́sítọ́ọ̀mù Concordia sínú ìwé, bí kò bá ṣe akọ̀wé kọ́sítọ́ọ̀mù Concordia fúnra rẹ̀? Èmi ni mo kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Èmi ni mo gbé Harrow lé e lọ́wọ́.

Mo tò sórí ìlà. Ìyá ọmọ kíláàsì mi kan wà níwájú mi, Sísítà Perpetua dúró létí gbàgede, ó ń wò wá. Mo rò ó: bí mo bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ mi lọ. Ó yá, kó lọ.

Ó kàn mí. Kò gbójú sókè. Ó ní, “Ta ni kí n kọ ọ́ fún?” Ó ti kọ Dunstan Harrow sílẹ̀, ó fa ìlà gígùn kan sábẹ́ rẹ̀, ó rẹwà.

Mo ní, kí gbogbo wọn lè gbọ́, “Má kọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo kọ ìwé yìí. Gbogbo wọn pátá, èmi ni mo kọ wọ́n.”

Ó gbójú sókè. A wo ara wa. Mo rí i pé ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan péré lòun ní láti sọ kí wọ́n tó gbà mí gbọ́.

Gallo ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi olè sílẹ̀ fún àwa ọkùnrin!” Ìlà gbogbo gbà á. Ìyá ọmọ yẹn ń nu ojú. Sísítà Perpetua pàápàá rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ mi kò lọ síbì kan.

Ẹnikejì náà rọra bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó pa ìwé náà dé, ó nà án sí mi, ó sì pe ẹni tó kàn.