Igi Agbálùmọ̀ Inú Ọgbà Ṣọ́ọ̀ṣì

Ọjọ́ Ajé, 3 Máàṣì 1969
Wọ́n gbé igi náà dé láàárọ̀. Ìtì mẹ́rin, láti ara agbálùmọ̀ tó wó nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Òde-Ayé níbí. Baba Ìjọ Mákánjúọlá fúnra wọn tẹ̀lé e wá. Ọ̀pá àbẹ́là méjì ni wọ́n fẹ́ kí n fi ṣe, fún orí pẹpẹ, kí Àjíǹde tó dé. Wọ́n ní abẹ́ igi yẹn ni àwọn bàbá wa ti kọ́kọ́ gbàdúrà. Mo ní ó dáa. Mo tẹ èékánná mọ́ ọn — ó wọlé. Ó rọ̀ bíi búrẹ́dì. Bí mo bá gbé e sórí Aláriwo báyìí — ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ tí mo fi ń yí igi — fífọ́ ni yóò máa fọ́ dànù. Mo gbọ́dọ̀ mú un le ná.
Rose ìyàwó mi kò jáde wá wò ó.

Ọjọ́rú, 5 Máàṣì
Mo gé e sí ègé mẹ́jọ. Mo po fáníìṣì mọ́ tapẹntáìnì, ìdá kan sí ìdá méjì, kí ó lè ṣàn dé inú. Mo ri gbogbo ègé sínú agolo ńlá, mo gbé òkúta lé wọn lórí kí wọ́n má baà léfòó. Ìfófòó ń jáde lára wọn bí ẹni pé wọ́n ń mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Máàṣì
Igi ṣì ń mu ún. Mo ti bù kún un lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Máàṣì
Ọ̀sẹ̀ kan nínú oòrùn. Ègé márùn-ún le, wọ́n ń dún kangó bí mo bá kàn wọ́n. Mẹ́ta kò gbẹ. Wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, wọ́n sì ń rùn — kẹrosíìnì!
Ẹnì kan ti da kẹrosíìnì mọ́ fáníìṣì mi. Mo gbé agolo lọ bá Morìnsọ́lá tó tà á fún mi ní Òkìtìpupa. Mo pariwo. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó wò mí. Ó ní, “Agolo kan náà lẹ rì wọ́n sí. Bó bá jẹ́ fáníìṣì mi ni, kí ló dé tí márùn-ún fi gbẹ?”
Òótọ́ ló sọ. Ara igi ni òórùn náà ti ń wá.

Ọjọ́ Ajé, 17 Máàṣì
Mo la ọ̀kan nínú mẹ́ta náà. Ihò wà nínú rẹ̀ — ó gún gbọọrọ, ó fẹ̀ tó àtàǹpàkò mi. Kòkòrò kankan kì í lu irú rẹ̀. Wọ́n gbá èèkàn igi dí i lẹ́nu.
Igi yẹn kò gbó. Wọ́n pa á ni.
Abẹ́rẹ́ ló ṣe é. Mo mọ̀ ọ́n. Adéjọbí aránṣọ tí a ń pè bẹ́ẹ̀, ẹni tí ilé rẹ̀ kángun sí ọgbà. Gbogbo òjò ló fi ń ráhùn pé ewé igi náà ń ba òrùlé òun jẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 20 Máàṣì
Mo gbé ṣòkòtò lọ fún Abẹ́rẹ́ kó bá mi ká etí rẹ̀. Kì í ṣe tìtorí ṣòkòtò. Mo ní, “Igi yẹn mà wó o. Ọkàn rẹ ti balẹ̀ nìyẹn?”
Ó dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣíìnì. “Bùrọ̀dá Jethro, ibi tí mò ń jókòó sí ránṣọ lọ́sàn-án ló bá a lọ. Ẹ wò ó bí oòrùn ṣe ń pa mí. Kí lẹ fẹ́ bi mí gan-an?”
Mo ní kò sí. Ojú rẹ̀ kò jọ ojú ẹlẹ́ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ta ló jọ ọ́?

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Máàṣì
Mo yọ èèkàn náà. Mo fọ̀ ọ́. Ìlà mẹ́ta tín-ín-rín yí i ká — ìlà tí mo máa ń fà sára ọ̀pá àga. Iṣẹ́ ọwọ́ mi! Ara àjákù ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n ti mú un.
Ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé mi ló ń kó àjákù mi. Òun ló ń fi í dáná púpurú, gbágùúdá tó ń mọ róbótó yan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Máàṣì
N kò lè bi í.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Máàṣì
Olúwaṣọlá. N kò kọ orúkọ yìí láti ọjọ́ tí ó ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tí a bí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ó gun igi yẹn lọ ká agbálùmọ̀, ẹ̀ka yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ikú rẹ̀ pé ọdún márùn-ún ní oṣù tó kọjá.
Mo tún rántí ọdún kan tí kẹrosíìnì kì í pẹ́ tán nílé. Mo ní Rose ń kó o fún àwọn ará ilé rẹ̀. Mo bú u.

Ọjọ́bọ̀, 27 Máàṣì
Mo bi í. Ó ń mọ púpurú sórí àtẹ tó wà lókè iná, kò dáwọ́ dúró. Ó ní, “Èmi ni.” Ìlu ńlá mi, irin tí mo fi ń lu igi, ló mú, ní ìdájí, nígbà tó bá ń lọ pọnmi. Ihò mẹ́wàá. Odidi ọdún kan ló fi ń rọ kẹrosíìnì sí i.
“Mo bẹ Baba Ìjọ lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n gé e. Wọ́n ní igi àwọn bàbá ni. Àwọn ọmọ ṣì ń gùn ún lójoojúmọ́. Ṣé kí n máa kà wọ́n bí wọ́n ti ń já bọ́ ni?”
“Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?”
“Ẹ̀yin náà kì í dárúkọ rẹ̀.”
Mo jáde. Inú bí mi. N kò mọ ẹni tí mò ń bínú sí.

Ọjọ́bọ̀, 3 Épírẹ́ẹ̀lì
Mo ti yí ọ̀pá méjèèjì tán nínú ègé márùn-ún tó le. Irin wọ̀ ọ́ rẹ́rẹ́, ó ń dán bí eyín. Mo sun mẹ́ta yòókù. Mo sọ fún Rose pé ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ọjọ́ Ìsinmi, 6 Épírẹ́ẹ̀lì — Àjíǹde
Baba Ìjọ gbé ọ̀pá kan sókè kí gbogbo ìjọ rí i. Wọ́n yìn mí. Wọ́n ní, “Jethro, kí ló mú igi náà rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí a gbé e wá?”
Mo ní, “Ọjọ́ ogbó ni, bàbá.”
Rose dìde láàárín àwọn obìnrin. Ó ní, “Irọ́ ni ọkọ mi ń pa nítorí mi. Èmi ni mo pa igi yẹn.” Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ — ìlu, kẹrosíìnì, ẹ̀bẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n.
Mo rò pé wọn yóò lé wa jáde. Mo ti ń wo ẹnu ọ̀nà. Baba Ìjọ rọra gbé ọ̀pá àbẹ́là náà sílẹ̀.
Wọ́n ní, “Mo gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yẹn nígbà náà. N kò dá ọ lóhùn. Ìyá Ṣọlá, jókòó.”
Ìyá Ṣọlá. Láti ọjọ́ tí a ti sin ọmọ, Rose ni gbogbo ayé padà ń pè é.
Kò lè jókòó. Ó di àga iwájú rẹ̀ mú, ó bú sẹ́kún. Mo gba àárín àwọn obìnrin kọjá lọ dúró tì í.