Ohùn Màámi Lẹ́yìn Kọ́tìnnì

Ilé Nọ́ọ̀sì Bọ́láwùmí,
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì,
Ìlá-Ọ̀ràngún.
Ọjọ́ Àìkú.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìhín o. Ṣé iṣẹ́ Èkó kò wọ̀ yín lọ́rùn jù? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti fúyẹ́? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ yín lójú títì kò ní sùn lórí ọ̀rọ̀ yín. Àwa náà wà láàyè, ara Màámi sì le ju bí ẹ ṣe fi wọ́n sílẹ̀ lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ìròyìn mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé ìwé ni mo kọ. Màámi ti gba fóònù mi. Mi ò jalè, mi ò sì tẹ̀lé ọkùnrin kankan. Bùọ̀dá Àsíìsì tó ń wa mọ́tò lọ sí Èkó ló ní òun á bá mi fi ìwé yìí lé yín lọ́wọ́. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ìlú, torí ìlú wa yìí, wọn kì í gbé ọbẹ̀ kalẹ̀ láìfi iyọ̀ tiwọn sí i.

Ẹ rántí ọjọ́ tí Màámi ṣubú ní wọ́ọ̀dù, tó jẹ́ pé aláìsàn ló dìde tó fún nọ́ọ̀sì ní bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀rọ̀ tí dókítà sọ lẹ́yìn ìyẹn, Màámi ò sọ gbogbo ẹ̀ fún yín. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ̀jẹ̀ yín ń ru bí ìkòkò ẹ̀kọ. Bí ẹ bá tún ń jẹ́ ìpè tọ̀sán-tòru báyìí, ẹ tún máa ṣubú, ẹ sì lè má dìde." Nítorí náà ni Mètírọ̀n ṣe yọ wọ́n kúrò nínú àwọn tí wọ́n ń pè nígbàkúgbà. Ó kó wọn sí ìdí àwọn aláboyún àti abẹ́rẹ́ àjẹsára, Mọ́ńdè sí Fúráìdè, àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́. Nọ́ọ̀sì kékeré kan láti Ìgbájọ, Àǹtí Ayọ̀mikún, ló gba òpin ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n Mètírọ̀n ní kí wọ́n ṣì dán an wò títí di Kérésìmesì. Bí òpin ọ̀sẹ̀ bá dàrú, Màámi á padà sẹ́nu ìpè.

Màámi gan-an ò gbà á lọ́kàn. Bàtà funfun iṣẹ́ wọn ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí ọ̀kadà bá dún níta, wọ́n á ti dìde. Àwọn èèyàn náà ò yé kan fèrèsé wa. Ẹ mọ̀ mí, Bàbá mi. Ohùn Píríńsípà tí mo sín jẹ, tí mo fi ní kí gbogbo ilé ìwé máa lọ sílé lọ́jọ́sí, ló jẹ́ kí wọ́n lé mi, tó sọ mí di ọmọ iṣẹ́ aránṣọ. Ni mo bá ń fi ohùn Màámi dá wọn lóhùn láti inú ilé: "Ayọ̀mikún wà níbẹ̀. Ẹ lọ bá a." Màá wá mí kanlẹ̀ díẹ̀ níparí ẹ̀, bí Màámi ṣe máa ń ṣe. Wọ́n á ní, "Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì," wọ́n á yí padà.

Àmọ́ ìrọbí kì í gbọ́ àlàyé. Ẹ̀yin náà mọ ìṣe Màámi: lọ́jọ́ tí aláboyún bá kọ́kọ́ dé, oríkì rẹ̀ ni wọ́n máa ń béèrè, òun ni wọ́n á sì fi pè é nígbà tí ìrora bá dé góńgó. Àwọn obìnrin ìlú yìí wá gbà pé ọmọ ò ní fẹ́ wá bí Nọ́ọ̀sì ò bá tíì pe oríkì ìyá rẹ̀.

Sátidé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òjò ṣú. Màámi jẹun ọ̀sán tán, wọ́n sùn. Oorun gidi, èyí tí ẹnu ń là sílẹ̀. Mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń rán bọ́tìnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ni ọ̀kadà bá já wọlé. Bùọ̀dá Adétúnbọ̀ ló wà á, Àǹtí Jùmọ̀kẹ́ ìyàwó wọn wà lẹ́yìn, ìrọbí ti mú wọn.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màámi kì í ṣiṣẹ́ lónìí. Àǹtí Ayọ̀mikún wà nílé ìwòsàn."

Àǹtí Jùmọ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n rọ̀ mọ́ òpó ilé wa. "Ọmọdé Ìgbájọ yẹn? Kó lọ gbẹ̀bí ewúrẹ́! Mi ò kúrò níbí láìjẹ́ pé Nọ́ọ̀sì mi tẹ̀lé mi." Wọ́n wá figbe ta. Mo gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì Màámi dún nínú ilé.

Bàbá mi, mo ju ṣẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Mo mọ̀ pé bí Màámi bá fi lè jáde, wọ́n á wọ bàtà, bí wọ́n bá sì wọ bàtà yẹn, ó parí. Ni mo bá ní, "Ṣé ẹ ò mọ̀ ni? Màámi ti ṣáájú yín dé ọ̀hún!" Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n fi òpó sílẹ̀. Mo gun ẹ̀yìn wọn, mo dì wọ́n mú, òjò sì bá wa lójú ọ̀nà.

Nígbà tá a débẹ̀, dókítà ń ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́wọ́ ní yàrá kejì. Àǹtí Ayọ̀mikún nìkan ló wà nílẹ̀. Wọ́n tẹ́ Àǹtí Jùmọ̀kẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, àwọn yẹn wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì. "Nọ́ọ̀sì dà?" Wọ́n bá pa itan pọ̀ gbagidi.

"Màdáámù, ẹ tì í! Orí ọmọ ti ń yọ!"

"Ta ni màdáámù ẹ? Mo ní Nọ́ọ̀sì dà?"

Àǹtí Ayọ̀mikún gbọ́ ọkàn ọmọ lórí ikùn, ojú wọn yí padà. Wọ́n ní, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, "Ọkàn ọmọ ti ń falẹ̀." Mo wà lẹ́yìn kọ́tìnnì níbi tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dúró sí. Mo la ẹnu, Màámi ló jáde.

"Àníkẹ́! Àníkẹ́ mi, ọmọ olóhùn iyọ̀. Èémí ni kí o máa mí. Èyí tó kù, fi lé mi lọ́wọ́." Mo mí kanlẹ̀.

Àǹtí Jùmọ̀kẹ́ tú itan ká. "Ẹ̀n-ẹ́n, Nọ́ọ̀sì mi," ni wọ́n wí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọmọ. Àǹtí Ayọ̀mikún bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Bí orí ṣe jáde báyìí, okùn ìwọ́ ti wé ọmọ lọ́rùn. Wọ́n sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí kọ́tìnnì: "Ní kó má tì í mọ́."

"Àníkẹ́, dúró! Má tì í. Máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá ọdẹ."

Mi ò mọ nǹkan kan nípa okùn ìwọ́, Bàbá mi. Ohun tí Àǹtí Ayọ̀mikún bá sọ fún mi ni mò ń fi ohùn Màámi gbé jáde, ọwọ́ tiwọn ló sì ń ṣiṣẹ́. Ọmọ bọ́ sílẹ̀. Òjò ń sọ̀rọ̀ lórí páànù, ọmọ ò sọ̀rọ̀. Wọ́n nu ẹnu ẹ̀, wọ́n ń ra ẹ̀yìn ẹ̀, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó ké, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo bá ara mi. Mo sá lọ kí wọ́n tó ṣí kọ́tìnnì. Mo délé, Màámi ti padà sùn.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Ọjọ́ kejì ní ṣọ́ọ̀ṣì, Bùọ̀dá Adétúnbọ̀ dìde jẹ́rìí. "Nọ́ọ̀sì Bọ́láwùmí fi oorun wọn sílẹ̀, wọ́n wá gbẹ̀bí ìyàwó mi!" Ìjọ hó yèè. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ti kún: "Wọ́n ní ẹ ti padà sẹ́nu ìpè." Màámi ń sọ pé àwọn ò lọ síbi kankan, ṣùgbọ́n ojú wọn ń tàn. Wọ́n ń wo bàtà. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń ti ìyá mi padà síbi tó fẹ́ pa wọ́n.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Mètírọ̀n ránṣẹ́ pè wọ́n, mo tẹ̀lé wọn. Mètírọ̀n ní, "Nọ́ọ̀sì, bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò lè jókòó sílé, ẹ sọ ọ́, kí n dá yín padà." Àǹtí Ayọ̀mikún dorí kodò, torí bí wọ́n bá sọ òtítọ́, Mètírọ̀n á ní wọ́n jẹ́ kí ọmọ aránṣọ wọ yàrá ìgbẹ̀bí. Màámi ní, "Mà, bó bá jẹ́ pé ìlú ò lè ṣe é láìsí mi..."

Ẹnu mi ló já gbà á. "Èmi ni, mà. Èmi ni ohùn yẹn. Àǹtí Ayọ̀mikún ló gbẹ̀bí."

Mètírọ̀n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ó dáa, ṣe é ká gbọ́."

Mo kúnlẹ̀, mo ṣe é. Àníkẹ́, èémí, fi lé mi lọ́wọ́, gbogbo ẹ̀. Nígbà tí mo mí kanlẹ̀ tán, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Màámi fi ọwọ́ wá àga, wọ́n jókòó.

"Tẹjú, ìmí tó wà níparí yẹn, ìwọ lo fi sí i?"

"Rárá o, Màámi. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń sọ ọ́."

Wọ́n wá ní, "Ṣé bó ṣe ń rẹ̀ mí tó nìyẹn?" Mètírọ̀n bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

Mètírọ̀n bá Àǹtí Ayọ̀mikún wí, ṣùgbọ́n kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó ní kí èmi rán kọ́tìnnì tuntun fún yàrá ìgbẹ̀bí lọ́fẹ̀ẹ́. Mètírọ̀n ní bí òun bá tún rí ẹsẹ̀ mi níbẹ̀, àfi kó jẹ́ pé èmi náà fẹ́ bímọ. Màámi wá fi gbígba fóònù kún un, nítorí irọ́ tí mo pa fún obìnrin tó ń rọbí.

Lọ́jọ́ Fúráìdè, Màámi mú Àǹtí Ayọ̀mikún dúró sí ẹ̀gbẹ́ wọn níwájú àwọn aláboyún. Ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ oríkì ẹ̀ fún Àǹtí náà, Àǹtí ń pè é padà, ojú ń tì wọ́n díẹ̀.

Àná wá ni Sátidé. Wọ́n kan fèrèsé. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu ara mi. Màámi dìde, wọ́n rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà, wọ́n ṣí fèrèsé. "Ayọ̀mikún wà níbẹ̀. Ó mọ oríkì yín. Ẹ lọ bá a." Kò sí ìmí kankan níparí ẹ̀. Wọ́n ti fèrèsé, wọ́n padà sùn. Mo dúró títí mo fi gbọ́ tí ọ̀kadà náà yà sí ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Màámi nítorí fóònù. Ọlọ́run á mú yín bọ̀ wá bá wa láyọ̀. Ẹ ò ní gbọ́ ìròyìn tí yóò ká yín lọ́wọ́ kò. Iṣẹ́ yín kò ní pa yín, isinmi yín kò sì ní di àìsàn.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹnu rẹ̀ kì í jẹ́ kó sinmi,
Tẹjúmádé.

Mo gbàgbé: bí ẹ bá pe Màámi, tí ẹ gbọ́ ohùn kan tó fúyẹ́, tó dà bíi ti ọmọge, ẹ má ní, "Tẹjú, fún ìyá rẹ ní fóònù." Àwọn gan-an ni. Mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ohùn yẹn.