Màmá Oníkẹ̀kẹ́ Tí Kì Í Gba Ọ̀nà Àbùjá

Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ wá bá wa dárò, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ sì kú ọ̀nà. Ọdún 1951 ni wọ́n bí Màmá wa, nínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí bàbá wọn ti ń jórin, tó sì ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ìyá wọn ń ránṣọ ní fàráńdà ilé kan náà. Ìran àwọn tí kì í jókòó sójú kan ni wọ́n: bàbá bàbá wọn fẹsẹ̀ rìn ta iyọ̀ káàkiri, ìyá bàbá wọn sì jẹ́ agbẹ̀bí tí wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè láti ọ̀nà jíjìn. Ọmọ mẹ́rin ni àwọn òbí wọn bí, Màmá nìkan ló dàgbà nínú wọn. Nítorí náà, ìyá wọn kì í jẹ́ kí wọ́n kúrò lójú òun rárá, bí wọ́n bá tiẹ̀ lọ pọnmi, ariwo ni. Ọmọ tí wọ́n ṣọ́ bí ẹyin báyìí ló wá di ẹni tí àwa náà ń ṣọ́ títí ọkàn wa fi ń já.

Ní ọdún 1957, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n mọ kẹ̀kẹ́ gùn, nítorí bí bàbá wọn bá tún kẹ̀kẹ́ oníbàárà ṣe tán, Màmá á ní àwọn fẹ́ dán an wò, wọ́n á sì dán an wò títí oníbàárà á fi bẹ̀rẹ̀ sí bínú. Ní ọdún 1969, wọ́n wọ iléèwé nọ́ọ̀sì. Nígbà tí wọ́n jáde, iléèwòsàn fi wọ́n sí ẹ̀ka àwọn tó ń lọ wo ìyá ọmọ tuntun nílé, wọ́n sì fún wọn ní kẹ̀kẹ́ dúdú kan tó ní agbọ̀n níwájú. Gbogbo ilé tó ní ìkókó nígbà náà ló mọ agogo kẹ̀kẹ́ wọn.

Ní ọdún 1975, wọ́n fẹ́ bàbá wa, atún-aago-ṣe, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kò fẹ́ wàhálà. Bàbá máa ń sọ pé ọkùnrin ni òun, ṣùgbọ́n òun ní orogún, ojú ọ̀nà lorúkọ rẹ̀. Èmi àkọ́bí tí mo ń kọ ìtàn yìí dé ní ọdún 1976, àbúrò mi ọkùnrin, bíríkìlà, tẹ̀lé mi ní ọdún 1979, nígbà tó sì di ọdún 1988, tí a ti rò pé ilé ti kún, àbíkẹ́yìn wa obìnrin wọlé.

Ní ọdún 1983, Màmá gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn kan tó jẹ́ tíṣà di ẹrù sórí kẹ̀kẹ́, wọ́n ní àwọn ń lọ sí etí òkun. Wọ́n ti rin irú rẹ̀ rí, wọ́n sì gbádùn ẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la títì ńlá kan, ọ̀dà rẹ̀ ń dán, kò ní kòtò kankan. Tíṣà ní kí ni wọ́n ń fi ọ̀nà àtijọ́ jẹ ara wọn níyà sí? Wọ́n bá gba títì. Tírélà kan sáré kọjá lára wọn. Kò kọ lù wọ́n o. Atẹ́gùn rẹ̀ ló fa tíṣà sábẹ́ táyà ẹ̀yìn. Màmá wà níwájú, ariwo irin ni wọ́n gbọ́. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, bí wọ́n ṣe fọwọ́ kan ọrùn ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n mọ̀ pé ẹ̀mí ti bọ́.

A rò pé wọn ò ní gun kẹ̀kẹ́ mọ́. Bàbá tiẹ̀ gbé kẹ̀kẹ́ náà sórí àjà. Ó pẹ́ kí Màmá tó ní kí wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rù ń ba àwọn gan-an, ṣùgbọ́n ẹ̀rù náà kò ní kí àwọn jókòó sílé, ó ní kí àwọn máa wo ọ̀nà dáadáa kí àwọn tó gbà á ni. Àwa nílé kò mọ èwo lèyí. Bí wọ́n bá ti lọ, bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn gbàgbàgbà, Bàbá á dìde dúró, kò ní lè lọ ṣílẹ̀kùn. Èmi ni mo máa ń lọ ṣí i.

Láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn ti ń ya wọ pálọ̀ wa. Ẹni tó bá fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ rìn jìnnà á tẹ́ máàpù sórí tábìlì ìjẹun, Màmá á nu awò ojú wọn, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí dẹ́rù ba onítọ̀hún. “Títì tó bá ń dán, tí o ò rí ọmọ iléèwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, má gbà á. Ibi tí ọmọ iléèwé bá ti ń rìn, awakọ̀ á rọra.” “Má bi ẹni tó jókòó sínú mọ́tò léèrè ọ̀nà, kò mọ òkè. Ẹni tó ru ẹrù ni kó o bi, ọrùn ẹ̀ ti ka gbogbo òkè ibẹ̀.” “Ibi tí omi wà ni kó o fi pín ìrìn ẹ, má fi máìlì pín in.” “Ẹrù tó wúwo, ìsàlẹ̀ ni, kó dọ́gba lọ́tùn-ún lósì. Tó o bá dì í sókè, kẹ̀kẹ́ á máa jó, ìwọ lo máa ṣubú.” “Tó o bá ń sọ̀ lórí òkè, dúró ní agbedeméjì òkè, fọwọ́ kan irin táyà. Tí bíréèkì bá ti mú un gbóná, jókòó, jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ.” “Ọjọ́ àkọ́kọ́, má lọ jìnnà. Ara kò tíì mọ̀ pé o ò ṣeré.”

Ẹnjiníà kan bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé, “Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ṣé ìrìnàjò lẹ ń sọ fún wa ni, àbí ìdájọ́ ọ̀run?” Màmá dá a lóhùn pé, “Kò sí tírélà ní ìdájọ́ ọ̀run.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ẹnjiníà náà sì lọ, ó sì bọ̀ láyọ̀. Ohun tí wọ́n kórìíra jù ni ọ̀nà àbùjá. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fọwọ́ tọ́ka sí i lórí máàpù, wọ́n á ní àbùjá kan ò sí lọ́rùn ọ̀pẹ, ibi tí a bá gbà gòkè la ó gbà sọ̀. A ò gbọ́ rí láyé wa kí Màmá sọ fún ẹnì kan pé kó tètè dé. “Dé” nìkan ni wọ́n máa ń sọ.

Nínú ẹ̀sìn, Màmá kì í pa ilé ìjọsìn jẹ bí wọ́n bá wà nílé. Àdúrà wọn kò gùn. Wọ́n á ní, “Olúwa, má jẹ́ kí ẹ̀rù tán lára mi kí n tó délé.” Lẹ́nu iṣẹ́ ìlú, àwọn ni wọ́n lọ bá àwọn aláṣẹ títí wọ́n fi ya etí títì sọ́tọ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ níwájú iléèwé wa. Wọ́n sì ní òfin kan tí wọn kì í fi ṣeré, pé a kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́. Wọ́n ní ojú tó kún fún omijé kò lè rí kòtò.

Bàbá wa sùn ní ọdún 2009. Màmá fẹ̀yìn tì ní ọdún 2011, orúnkún wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí dùn wọ́n. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, a ní ẹ̀rù tán. Àṣé a ò tíì rí nǹkan kan. Àbíkẹ́yìn, tó ń fi fọ́tò yíyà jẹun, di ẹrù tirẹ̀ sórí kẹ̀kẹ́, ó ní ilẹ̀ òkèèrè ni òun ń lọ. Ẹ wo bí ayé ṣe rí! Màmá wá di ẹni tó jókòó sílé, tí ọkàn wọn kò balẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ gbogbo, ọmọ náà á pè láti ibi tó bá sùn sí, á béèrè ọ̀nà tí òun máa gbà lọ́la, Màmá á sì na ìka sórí máàpù, wọ́n á yan ọ̀nà fún un.

Ní ọdún yìí, àìsàn ọkàn dá Màmá dùbúlẹ̀. Àbíkẹ́yìn ti kọjú sílé nígbà náà, ó kàn jìnnà ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo gbé tíì wọlé fún wọn. Wọ́n ti lọ. Ẹni tí a ti fi ogójì ọdún bẹ̀rù pé ojú títì ló máa pa, orí bẹ́ẹ̀dì ló kú sí, lórí ìrọ̀rí funfun. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, fóònù wọn dún. Àbíkẹ́yìn ló ń pè. Mo gbé e. Mo ní, “Màmá ń sinmi. Ọ̀nà wo lo fẹ́ béèrè?”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí fẹnu òkú dáhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá wa lẹ́jọ́, òfin Màmá la ń pa mọ́. A bẹ àwọn aládùúgbò kí wọ́n má gbé fọ́tò wọn sórí Wátsáàpù. A bẹ pásítọ̀ kó má tíì kéde. Bí ìrọ̀lẹ́ bá ti ń lẹ́, màá tẹ́ máàpù, màá wá ibi tí iléèwé wà, ibi tí omi wà. Mo ń rò ó pé, bí mo bá ṣì í yàn ńkọ́? Bí tírélà bá wà níbẹ̀ ńkọ́? Màmá fi gbogbo ayé wọn kọ́ iṣẹ́ yìí, èmi apòògùn tí n kò gun kẹ̀kẹ́ rí ni mo wá ń rán ọmọ ọlọ́mọ sójú ọ̀nà.

Àwọn àgbà ẹbí dá ọjọ́ ìsìnkú, èèyàn sì ti ń gbéra láti ọ̀nà jíjìn. Ọkàn bíríkìlà kò balẹ̀ mọ́, ó fẹ́ kí àbúrò wa bá wa níbẹ̀. Nígbà tí àbíkẹ́yìn wá pè láti oríta kan, tó ní ọ̀nà pín sí méjì, ọ̀kan yí adágún odò ká gba àárín abúlé, èkejì gba orí òkè níbi tí àwọn ọkọ̀ akóòkúta ń gbà, bíríkìlà já fóònù gbà lọ́wọ́ mi. Ó ní, “Màmá ní kó o gba ti orí òkè. Wọ́n ní kó o tètè dé.”

Ohùn rẹ̀ jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Bùọ̀dá, Màmá ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Màmá ti kú, àbí?”

Bíríkìlà na fóònù padà sí mi. Fóònù kú.

Áà! Ẹ̀rù ti bà wá rí, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí. A pè é, kò lọ. Ilẹ̀ mọ́, a tún pè é, kò lọ. Bíríkìlà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní pálọ̀, ó ń fọwọ́ lu orí ara rẹ̀, ó ní òun ti pa á. Mo ń rí òkè yẹn lójú mi, mo ń rí ọkọ̀ akóòkúta, mo ń rí ọmọ tó ń sunkún lórí kẹ̀kẹ́. Òkú ìyá wa wà ní mọ́ṣúárì, a ò tiẹ̀ rántí wọn mọ́, ẹ̀rù alààyè ló gbà wá lọ́kàn.

Ọ̀sán ni fóònù tó dún. Àbíkẹ́yìn ni. Ó ní ibẹ̀ náà ní oríta ni òun wà, ní ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń lẹ táyà, ìyàwó ọkùnrin náà ló fún òun níbi tí òun sùn. Ó ní ọ̀nà adágún ni òun máa gbà. A bẹ̀ ẹ́ kó gbé kẹ̀kẹ́ sọ́kọ̀, ó ní kò sí mọ́tò èrò níbẹ̀, ọkọ̀ òkúta nìkan ni. A wá sọ fún un pé a ó sún ọjọ́ ìsìnkú síwájú, bí àwọn àgbà bá tiẹ̀ fẹ́ bú wa.

Ó ní, “Rárá, Àǹtí. Ẹ sin wọ́n. Tí ẹ bá dúró dè mí, màá sáré.”

Nítorí náà la ṣe ń sin Màmá lónìí láìsí àbíkẹ́yìn wọn. Kì í ṣe pé a kò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ má ṣe kùn sí i, ẹ má sì bi wá léèrè rẹ̀ níbi sàárè. A bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má pè é láti bá a kẹ́dùn, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un pé ayẹyẹ dùn tàbí kò dùn. Bí ẹnì kan nínú yín bá máa gba ọ̀nà adágún náà padà, tí ẹ bá rí obìnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ gòkè, ẹ rọra kọjá, ẹ fún un láyè.

Màmá fi àwọn wọ̀nyí sáyé lọ: èmi àkọ́bí wọn, apòògùn, àti ọkọ mi, bíríkìlà àti ìyàwó rẹ̀, àbíkẹ́yìn, ayafọ́tò, tó wà lójú ọ̀nà, àwọn ọmọ-ọmọ márùn-ún, tí àgbà inú wọn ti ń béèrè kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, tí bàbá rẹ̀ sì ń díbọ́n pé òun kò gbọ́, àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ arìnrìnàjò tó lọ tó bọ̀ nítorí pé ìyá kan dẹ́rù bà wọ́n.

Màmá, ọmọ yín kò tíì dé o. Ẹ̀rù ṣì ń bà wá, a ò ní purọ́ fún yín. Ẹ gbé ẹ̀rù náà sílẹ̀ fún wa, ó ti di tiwa báyìí. Àwa la ó máa wo ojú ọ̀nà. Ẹ sùn re o.